Ojú Ìwé Kọkànlélọ́gọ́ta Nínú Ilé Aṣọ́gbó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án

A dé. Ọ̀nà ti bàjẹ́ ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ, Jẹ́jẹ́ sì fi ọkọ̀ agégẹdú rẹ̀ gbé wa bíi pé ẹyin ló kó sẹ́yìn. Kì í ṣe lásán ni wọ́n ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń kùn sí i lábẹ́lẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, àmọ́ òun náà ló gbá páálí ìwé mi mọ́ àyà kí òjò má bàa kàn án.

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù. Ó ní, "Ẹ bọ́ bàtà yín, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni," ó sì wọlé lọ gbé omi tíì kaná. Lẹ́tà ọ́fíìsì àwọn aṣọ́gbó wà lára ògiri, ó fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́bẹ̀ láìṣí i. Àwa ti ka ẹ̀dà tiwa nílùú: aṣọ́gbó tuntun ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀, ilé gbọ́dọ̀ ṣófo. Wọ́n ti ní sùúrù fún ọdún mẹ́rin, láti ìgbà tí Bàbá, aṣọ́gbó wọn, ti wọ igbó lọ tí kò padà, mi ò lè sọ pé wọn ò gbìyànjú.

Màmá ní òun ò lọ síbì kankan. Ó ní bí bàbá wa bá dé tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé ńkọ́.

Iṣẹ́ méjì ló gbé mi wá, nígbà náà. Kí n parí ìwé, kí n sì mú ìyá mi kúrò nínú ilé yìí. Ojú ìwé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni olóòtú ń retí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀, méjìdínlógójì ló wà nínú páálí. Ó dá mi lójú pé ìwé ló rọrùn jù nínú méjèèjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo gbé tábìlì onígíláàsì mi, èyí tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, sí yàrá ìránṣọ Màmá, torí ibẹ̀ nìkan ni fèrèsé ńlá wà. Àárín èmi àti máṣíìnì rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ.

"Má da yíǹkì sí aṣọ ẹni ẹlẹ́ni," ló kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ó béèrè irú ìwé tí à ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìtàn tí èmi ń yà, yára dáhùn. "Ìdílé kan nínú igbó ni, Màmá. Ìwé ìtàn aláwòrán. Ìwé ìbẹ̀rù ni."

"Ta ló ń bẹ̀rù?"

"Ẹni tó bá kà á."

"Wọ́n á sanwó kí ẹ lè dẹ́rù bà wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá rẹ́rìn-ín. Kò béèrè ohun tó ń dẹ́rù ba ìdílé náà, àwa náà ò sì sọ fún un. Àwa méjèèjì ń sá fún ojú ara wa títí tí a fi jẹun tán.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Òjò dá díẹ̀ lọ́sàn-án. Mo mú tépù Màmá, mo lọ wọn igi ńlá tó wà ní òdì kejì odò, torí ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń yà á sínú ìwé, ó sì ń ṣe mí bíi pé mò ń yà á kéré. Ọgọ́ta íǹsì ni tépù náà. Mo fi píìnì mú orí rẹ̀ mọ́ èèpo igi, mo fà á yípo. Ó tán. Mo ṣí i, mo tún fà á. Ìgbà mẹ́fà ló tán kí n tó padà débi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ inú igi yẹn, bẹ́ẹ̀dì mi nílùú á wọ̀ ọ́, tábìlì mi á wọ̀ ọ́, àyè á sì tún ṣẹ́ kù fún àlejò.

Mo wòkè, mi ò rí ibi tó parí sí. Ìkùukùu ti bo gbogbo orí rẹ̀. Mo bọ́ fìlà mi. Mi ò mọ ẹni tí mo bọ́ ọ fún, mo kàn mọ̀ pé kò yẹ kó wà lórí mi níbẹ̀ yẹn.

Mo nu tépù dáadáa kí n tó dá a padà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mo gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ kọ èyí.

Ní oṣù kẹfà, nílùú, lórí tábìlì tó kọjú sí ògiri, mo ya ibì kan tó tẹ́jú láàárín igbó fún ojú ìwé kejìlá. Mo hùmọ̀ rẹ̀ ni. Igi kan ṣubú sùn lórí òkúta méjì, òkúta kẹta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó là sí méjì gééré. Lónìí mo tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ ẹran kan tó gba ẹ̀yìn odò, mo sì jáde síbẹ̀. Igi tó ṣubú. Òkúta méjì. Ìkẹta là sí méjì, omi òjò sì dúró sí àárín rẹ̀.

Ara mi bu máṣọ. Mo jókòó sórí igi náà. Ẹyẹ kan ń ké lókè, ó ń ké wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Mo sáré délé, mo fi ojú ìwé kejìlá han ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ohun tí mo rí. Ó ń fi ìka tọ ìlà òkúta tó là. Màmá tó ń já òwú lẹ́nu aṣọ ló dá sí i.

"Bàbá rẹ gbé ọ lé èjìká lọ síbẹ̀ nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. O sunkún nítorí òkúta yẹn. O ní ta ló fọ́ ọ."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn tù mí lára, torí ó túmọ̀ sí pé kò sí idán níbẹ̀. Kò tù mí lára. Ọgbọ̀n ọdún ni ọwọ́ mi fi tọ́jú ohun tí orí mi ti gbàgbé, kò sì sọ fún mi. Mo ń wo ọwọ́ náà báyìí tó ń kọ̀wé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti ka ìparí ìtàn. Láti ìlú ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi í pa mọ́ fún mi, ó ní òun ṣì ń tún un ṣe.

Nínú ìtàn tirẹ̀, bàbá inú ìwé wọ igbó lọ kò sì padà. Gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀, ó ń sún mọ́ ilé sí i, ó sì ń pe àwọn ará ilé lórúkọ ìnagijẹ tí òun nìkan mọ̀. Ẹni tó bá dáhùn á bá a lọ. Ìyẹn ni mo ti mọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ní ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́ta ó jáde gedegbe láti inú igi, ó kọjú sí wa, ó pe ìyá. Ní ìkejìlélọ́gọ́ta, ìyá dáhùn. Ní ìkẹtàlélọ́gọ́ta, àwọn ọmọ sáré jáde, kò sí ẹnikẹ́ni lágbàlá. Ní èyí tó kẹ́yìn, igi méjì wà níbi tí ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀.

Ó dára. Mi ò lè purọ́, ó mú mi lẹ́yìn ọrùn. Ṣùgbọ́n inú bí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá wa lẹ kọ síbí yìí."

"Ìyá inú ìwé ni."

"Ẹ jọ̀ọ́. Yàrá kejì ló wà, ó ń rán bọ́tìnnì."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ṣé o rò pé mo ń ṣépè fún un ni? Ó ti bá Bàbá lọ láti ọdún mẹ́rin, Èédú. Ara rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ fún wa. Ìgbà wo ló ránṣẹ́ sí ìwọ gbẹ̀yìn láti béèrè àlàáfíà rẹ? Mo kọ ohun tí mo rí."

Bàbá ló sọ mí ní Èédú, torí èédú ni mo fi ń ya àwòrán sára ògiri ilé yìí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi kì í pè mí bẹ́ẹ̀ àfi tó bá fẹ́ kí n dákẹ́. Mo lọ fọ búrọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òjò. Ojú ìwé méjì. Jẹ́jẹ́ kó yíǹkì dé láti oríta, owó rẹ̀ ti fò sókè, ó sì ń bẹ̀ mí bíi pé òun ló ṣe é.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Láago mẹ́rin ọ̀sán ni Bàbá máa ń dé láti ibi ìṣọ́ rẹ̀. Láago mẹ́rin ni Màmá ń gbé àga lọ sẹ́yìn ilé títí dòní. Mo gbé tèmi tẹ̀ lé e.

A jókòó fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Ẹyẹ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn. Omi tó ń kán láti etí òrùlé náà dákẹ́, mi ò sì mọ bí omi ṣe ń dákẹ́. Kùrukùru kan ti àárín igi jáde, kò ga ju ènìyàn lọ, kò sì fẹ̀ ju ènìyàn lọ. Ó rọra wá títí dé ìparí àgbàlá, níbi tí okùn aṣọ wà, ó sì dúró. Mo kà á dé ogójì. Lẹ́yìn náà ó padà. Mi ò sọ pé ó tú ká. Ó padà sínú igi, atẹ́gùn sì ń fẹ́ bọ̀ sọ́dọ̀ wa láti ibẹ̀.

Màmá ní, "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́."

"Ẹ ò sọ fún wa."

"Ẹ̀yin náà ò béèrè."

Mi ò bẹ̀rù. Mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa parọ́ fún ara mi lọ́la. Láti ọmọ ogún ọdún ni mo ti ń ya ìwé ìbẹ̀rù, mo mọ ìbẹ̀rù bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi, ohun tó wà lágbàlá yẹn kì í ṣe òun. Ńṣe ni mo fẹ́ dìde dúró, bí a ṣe ń dìde fún àgbà tó wọlé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ti fo àwọn ojú ìwé tó kù, mo lọ jókòó ti ìkọkànlélọ́gọ́ta láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ya igi. Mo ti ya ènìyàn tó ń ti àárín wọn jáde: bàtà, ṣòkòtò, ẹ̀wù iṣẹ́ pẹ̀lú bọ́tìnnì mẹ́fà, èjìká. Ojú nìkan ló ṣófo.

Mo ti gbàgbé imú bàbá mi. Ojú tì mí láti kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rántí etí, èmi rántí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, a kó o jọ, kò di ènìyàn. Fọ́tò kan wà nínú agolo Màmá, àwa méjèèjì mọ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti tọrọ rẹ̀ nínú wa. Bí mo bá tọrọ rẹ̀, mo ní láti sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ọrùn ọwọ́ mi wú. Mi ò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Pẹ́ńsù ṣì ṣeé ṣe, ó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n igbó ni gbogbo ìwé yìí, dúdú ni igbó, ta ló máa kùn ún?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú. Ó fi ìgúnpá rẹ̀ nu yíǹkì láti òkè ojú ìwé dé ìsàlẹ̀, ó sì ní bí igbó ṣe rí gan-an nìyẹn. Mo lé e jáde.

Màmá ti ń wò wá láti ẹ̀yìn máṣíìnì. Ó nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀, ó gba búrọ́ọ̀ṣì.

"Kí ni wọ́n ń kùn?"

"Gbogbo ibi tí mo fi pẹ́ńsù ṣá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Dúdú ni gbogbo rẹ̀."

"Títí dé etí ìlà?"

"Títí dé etí ìlà, mà. Ẹ má kọjá."

"Ọdún mélòó ni mo ti ń gé aṣọ?"

Kò kọjá. Ojú ìwé márùn-ún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹ̀kán kan tó ṣìnà. Ó ń mí láti imú bó ṣe máa ń mí tó bá ń ran aṣọ ìyàwó. Igi tí mo fi oṣù mẹ́ta yà wá jinlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ débi pé ó ń ṣe mí bíi pé mo lè ti ọwọ́ bọ inú wọn. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu yà mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè kun ìwé tí kò ní kà á. Mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ó gbé ojú ìwé kan sókè láàárọ̀ yìí. "Ẹni tó bá dáhùn ló ń bá a lọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó ń pè wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Màmá wo ojú ìwé náà pẹ́. Mo ti ń ṣètò ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ lọ́kàn.

"Èmi, kò pè mí rí," ló sọ. "Ọdún mẹ́rin. Mo ń tẹ́tí, kò pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ yíǹkì, ó ń kùn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn ilé nínú òjò láìmú agbòjò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo rí ojú rẹ̀.

Ojú ọjọ́ ṣú ní ọ̀sán, mo tan iná tábìlì, gíláàsì fèrèsé sì di dígí. Mo gbójú sókè, mo rí ènìyàn kan tó ń wò mí pẹ̀lú iná lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Èmi ni. Mo fi ọgbọ̀n ọdún kún un: mo jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọlé, mo jẹ́ kí irun iwájú sá sẹ́yìn, mo fi ìlà sí àárín ìpéǹpéjú méjèèjì. Láàárín wákàtí kan, imú tí mo ti ń wá kiri wà níwájú mi. Mo ti ń gbé e káàkiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó dúró gbọnin. "Níbo lo ti rí fọ́tò náà?"

"Mi ò rí fọ́tò."

Ó sún mọ́ ọn, ó sì tún sún sẹ́yìn. Bàbá ń ti inú igi bọ̀, ó kọjú sí wa tààrà, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín.

Mo ti sọ fún Màmá pé kó bá mi kun àwọn igi rẹ̀ lọ́la, kó fi ènìyàn náà sílẹ̀ fún mi. Mo sọ ọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Mo bá Jẹ́jẹ́ lọ sí oríta láàárọ̀ láti fi fóònù bá olóòtú sọ̀rọ̀, torí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú igbó. Kí n sọ òótọ́, mo sá ni. Mi ò fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí Màmá bá rí ojú yẹn.

Mo padà lọ́sàn-án. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, yíǹkì ti gbẹ mọ́ ìka rẹ̀. Ojú ìwé náà dojú bolẹ̀ lórí gíláàsì. Ẹ̀yìn rẹ̀, tó yẹ kó funfun, dúdú.

Mo rò pé yíǹkì dà nù ni. Mo yí i padà: ojú ibi tí mo ya àwòrán sí mọ́ tónítóní, pẹ́ńsù mi wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, kò sí ẹ̀kán kan. Mo tún un yí. Ẹ̀yìn ìwé ló kùn. Gbogbo rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé?"

"Ojú rẹ̀ ti parí," ó ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Aṣọ tó bá ti parí, tó mọ́ bẹ́ẹ̀, a kì í fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀ mọ́. Bó bá ku nǹkan tí a fẹ́ ṣe, ẹ̀yìn la ti ń ṣe é. Ẹ̀rù bà mí kí yíǹkì má bàa ta sí i lójú. Mo dà á dojú bolẹ̀, iná yìí sì fi gbogbo ìlà hàn mí. Ibẹ̀ ni mo ti kùn ún."

Ayàwòrán kan kò ní ṣe é láéláé. Ránṣọránṣọ nìkan ló lè rò ó bẹ́ẹ̀.

Èmi ní kó fi ènìyàn náà sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Nítorí pé ẹ̀yìn ìwé ló dúró sí, ẹ̀yìn ọkùnrin náà ló dúró sí. Ó kun orí rẹ̀ dúdú, kò sí ojú níbẹ̀, ẹ̀yìn orí ni. Ó kun èjìká. Ó fi ìlà funfun tín-ín-rín sílẹ̀ fún kọ́là, òmíràn fún ojú rírán tó gba abẹ́ èjìká, òmíràn fún ìṣẹ́po tó sọ̀ kalẹ̀ ní àárín ẹ̀yìn ẹ̀wù. Bọ́tìnnì ni mo yà níhà tèmi. Níhà tirẹ̀ kò sí bọ́tìnnì, torí bọ́tìnnì kì í sí lẹ́yìn ẹ̀wù. Ní èjìká òsì, ó fi igun mẹ́rin kékeré kan sílẹ̀ ní funfun.

"Kí nìyí, mà?"

"Àlẹ̀mọ́ ni. Ẹ̀ka igi ló ya á níbẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú, ó wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó ní òun ń lọ wá àwọn agégẹdú méjì tí ìjì ká mọ́ inú igbó." Àwọn agégẹdú yẹn fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde lọ́jọ́ kejì. "Bó ṣe lọ nìyẹn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí igi fi bò ó. Bí mo ṣe rí i gan-an nìyẹn."

Ó fi ìka tó ní yíǹkì tọ́ ọ, kò kàn án.

"Ojú rẹ̀ ni mo ti ń wá láti ọdún mẹ́rin, Èédú. Láago mẹ́rin, lójoojúmọ́, mò ń wo iwájú kó lè kọjú sí mi. Kò sì kọjú sí mi rí. Mo kùn ún tán, mo wò ó, mo wá rí i. Ọkùnrin yìí kò bọ̀. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ni."

Màmá sunkún. Mi ò rí i kó sunkún ní gbogbo ọjọ́ mẹ́tàlélógún tí wọ́n fi wá Bàbá, mi ò rí i lẹ́yìn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, èmi náà sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé wá béèrè ẹni tó fẹ́ mu tíì, ó rí wa, ó gbé kẹ́tùlù kalẹ̀ sórí aṣọ oníbàárà, kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

Nígbà tí ara wa balẹ̀, mo gbé ìwé náà sókè sí fèrèsé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí. Ọkùnrin kan ni, ara kan ni. Ní ojú, ó ń bọ̀ wá bá wa. Mo yí i, ó ti ń lọ. Kò sí ibi tó ti yíjú padà, kò sì yà bàrá. Àárín àwa tó ń wò ó ló gbà kọjá. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ìwé ní ẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n mi ti fa ìparí tó kọ ya. Ó ya á sí wẹ́wẹ́ kí n má bàa ṣà á.

Bí yóò ṣe rí nìyí. Ojú ìwé kọkànlélọ́gọ́ta: ó ń bọ̀. Òǹkàwé á ṣí i, ẹ̀yìn ewé kan náà sì ni ìkejìlélọ́gọ́ta: ó ń lọ. Ẹ̀yìn tí Màmá kùn, bó ṣe wà, mi ò ní fi ọwọ́ kàn án. Kò pe ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìkẹtàlélọ́gọ́ta, ìyá àti àwọn ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó títí igi fi bò ó. Èyí tó kẹ́yìn, wọ́n ń kó ẹrù jáde.

"Kò ní sí ọ̀rọ̀ kankan nínú gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin," ó ní. "Ọdún méjì ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé ó dùn mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ó dára ju tèmi lọ. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

Lẹ́yìn náà ó ní òun ṣi Màmá kà. Kò sọ ọ́ fún èmi nìkan. Ó lọ sọ ọ́ fún Màmá fúnra rẹ̀ lẹ́bàá odò, mi ò sì mọ ohun tí Màmá fi dá a lóhùn. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú padà wálé.

Ṣáájú oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, Màmá ní kí n bá òun wá páálí. Mo béèrè irú èyí tó fẹ́. Ó ní èyí tó lè gba máṣíìnì ìránṣọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ìkẹtàlélọ́gọ́ta parí. Aago mẹ́rin kọjá, àga Màmá wà nínú ilé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Jẹ́jẹ́ kó ìwé lọ láàárọ̀, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta pé. Mo ní kó rọra wa ọkọ̀. Ó wò mí bíi pé mo bú u.

Ọwọ́ mi ṣófo, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí. Mo bá Màmá ká aṣọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Aṣọ́gbó tuntun dé kí á tó kó ẹrù tán. Ọmọbìnrin ni, kò lè ju ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ, ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ní ojú ìṣẹ́po bó ṣe ti inú ọ̀rá jáde. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó ní òun ti gbọ́, ó ní kí Màmá má bínú. Màmá fa abẹ́ apá ẹ̀wù rẹ̀ wò.

"Wọn ò rán èyí dáadáa. Á ya kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bọ́ ọ."

Ó jókòó lórí àpótí, ó fi ọwọ́ rán an lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbọ́n mi sì fi aṣọ bo ọmọ ọlọ́mọ kí òtútù má bàa mú un. Lẹ́yìn náà Màmá mú un yí ká. Ó fi ọ̀nà tí omi máa ń bò hàn án, ó fi ibi tí òrùlé ti ń jò hàn án, ó sọ orúkọ tí Bàbá sọ odò. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Igbó dákẹ́ lórí wa, ó ga, ó tutù, ó sì ń ṣe mí bíi pé ó mọ̀ pé à ń lọ.

Lẹ́nu ọkọ̀, Màmá yíjú padà sí i.

"Bí ọkùnrin kan bá ti inú igi jáde, tó béèrè mi, fún un lómi mu. Sọ fún un pé mo dúró dè é dáadáa."

Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n júwe ibi tí ẹ lọ fún un, mà?"

Màmá rò ó. "Rárá. Ó ní ibi tó ń lọ."

"Kí ni mo máa fi dá a mọ̀, mà?"

Mo rò pé yóò sọ nípa àlẹ̀mọ́ èjìká, tàbí kó nawọ́ sí ojú mi. Ó wo igi fún ìgbà díẹ̀.

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu," ó ní. "Ẹnikẹ́ni tó bá jáde, fún un lómi."

Ó wọ iwájú ọkọ̀ jókòó, ó ní kí Jẹ́jẹ́ máa lọ.